Oògùn Abẹ́ Yìnyín

Mùsílíù kì í pe èrò bí àwọn awakọ̀ yòókù ṣe ń pè é. Àwọn yòókù á na ọwọ́ jáde lójú wíńdò, wọ́n á máa pariwo "Bódìjà, Sángo, Mọ́kọ́lá, Dùgbẹ̀!" títí ohùn wọn á fi há. Ti Mùsílíù yàtọ̀. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Máíkírà rẹ̀ níwájú géètì yunifásítì, á káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Dùgbẹ̀, mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ṣénjì, mo mọ̀ yín pẹ̀lú." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ á sì kún.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Àgbowó. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi, Oyèbọ́lá, ni mo wà lókè òkun níbí, níbi tí iná kì í kú, tí aládùúgbò kì í pe ènìyàn láti ojú wíńdò. Àwọn orúkọ kan ti ń bọ́ lọ lórí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó sí ilé ìdáná, tí mo gbọ́ tí fíríìjì wọn ń kùn bí oyin, Mùsílíù ni mo máa ń rántí, òun àti Kùdírátù ìyàwó rẹ̀.

Ilé kan náà la jọ ń gbé. Yàrá tèmi kọjú sí títì, tiwọn wà lẹ́yìn, lẹ́bàá kànga. Kùdírátù máa ń fọ aṣọ fún àwọn ọmọ yunifásítì. Bí ẹ bá wọ àgbàlá wa lówùúrọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni ẹ ó kọ́kọ́ rí tí ń mì lórí okùn. Rasheed, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánò, ó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà.

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé Mùsílíù ní àtọ̀gbẹ. Kò fi bò. Ó ní nígbà tí Ọlọ́run rí i pé òun ò rí oyin rà ni Ó ṣe bu ṣúgà sí òun lára. Bó bá rí oògùn oníhóró, á lò ó. Bí kò bá rí i, á mu omi ewúro. Àmọ́ bí dókítà bá ti lè dárúkọ abẹ́rẹ́, á dìde ni. Ní gáréèjì wọn, kò sí ẹni tí kò mọ ẹnìkan tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ṣúgà tí kò pẹ́ tó fi kú. Kò sì sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá onítọ̀hún ti ń kú lọ kó tó gbà á. "Abẹ́rẹ́ ìdágbére" ni Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀, ń pè é.

Ẹsẹ̀ ló wá sọ ọ́ di dandan.

Mo wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ọjà Bódìjà ni mo ti ń bọ̀, mo gbé èlùbọ́ lé itan. Ọmọbìnrin kan, Inúolúwa, tí Kùdírátù máa ń fọṣọ fún, ló jókòó níwájú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ gùn láti ẹnu ọjà débi àwọn onípákó, oòrùn sì mú. Ni òórùn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun irun lára ẹran.

"Bàbá Rasheed, nǹkan ń jóná o," Inúolúwa wí.

"Ọkọ̀ iwájú yẹn ni. Ṣé o ò rí èéfín ẹ̀ ni?"

"Bàbá, inú ọkọ̀ yìí ni!"

"Ọmọ yìí, ọkọ̀ yìí ti ń rìn kí wọ́n tó bí ẹ. Bó bá fẹ́ jóná, á sọ fún mi."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ Mùsílíù wà, ó sì figbe ta.

Rọ́bà tó yẹ kó bo ilẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ dànù tipẹ́. Ooru ẹ́ńjìnnì ti mú kí irin ibẹ̀ gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, sálúbàtà Mùsílíù ti yọ́, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fa ẹsẹ̀ sókè, awọ ló tẹ̀ lé rọ́bà. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó yíjú wò mí lẹ́yìn. Kò sí ìrora kankan lójú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

"Mọ̀mí Oyè," ó ní, "ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Ọsibítù ìjọba la gbé e lọ, Kùdírátù sì sáré wá bá wa níbẹ̀. Dókítà tó rí i, ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ń jẹ́ Ayẹni, kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó ní ṣúgà ló ti pa iṣan ẹsẹ̀ náà tí kò fi mọ ìgbóná. Ó ní egbò náà lè jinná, ṣùgbọ́n ẹran ara tó bá wà nínú ṣúgà kì í san.

"Bàbá, ẹ gba abẹ́rẹ́, kí ṣúgà wálẹ̀, ẹsẹ̀ á wà. Bí kò bá wálẹ̀, a máa gé e."

Mùsílíù wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹsẹ̀ òsì ni o."

"Mo rí i, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ni. Ọ̀tún ìbá sàn. Èèyàn lè ṣe ọgbọ́n sí búréèkì." Ó wo Kùdírátù. "Ẹ gbé abẹ́rẹ́ ọ̀hún wá."

Nọ́ọ̀sì kọ́ Kùdírátù bí wọ́n ṣe ń fà á àti bí wọ́n ṣe ń gún un sí ikùn. Ó ní kí ó máa tọ́jú oògùn náà síbi tó tutù, pé ooru á bà á jẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà pọ̀ bí èrò ọjà. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló pe ẹlòmíràn.

Ibi tó tutù! Tìráńsífọ́mà àdúgbò wa ti jó láti ìgbà òjò, iná ìjọba sì ti di ohun tí à ń sọ ìtàn rẹ̀. Fíríìjì tèmi ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé àti bàtà ni mo kó sínú rẹ̀. Yàrá Mùsílíù ní tiẹ̀, bí ẹ bá gbé epo pupa síbẹ̀ kò lè dì láéláé. Kùdírátù dúró láàárín àgbàlá, ó di páálí oògùn náà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun tí kò mọ ibi tí yóò tẹ́ ẹ sí. Ó ní, "Mọ̀mí, oòrùn ń wò ó o."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Islamiat ló sáré gbé e lọ. Obìnrin náà ń ta yìnyín àti omi tútù létí títì. Fírísà rẹ̀ tóbi bí pósí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì máa ń ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò bi í ní ìbéèrè kejì.

"Ẹ gbé e wá. Ṣebí tọkọ gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n òkè yẹn kọ́ o, ọwọ́ ń wọ ibẹ̀ jù, atẹ́gùn gbígbóná ń kó sí i. Ìsàlẹ̀ ni ká fi sí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó yìnyín kúrò, tí wọ́n tẹ́ oògùn Mùsílíù sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n sì to yìnyín lé e padà. Ibi tó dára jù nínú fírísà nìyẹn. Ìyá Islamiat kì í jẹ́ kí ẹran ọbẹ̀ tirẹ̀ pàápàá dé ibẹ̀.

Láràárọ̀ ni Kùdírátù ń lọ gbà á. Yóò fi aṣọ ìnura wé e bọ̀, ìgò kékeré tó le bí òkúta. Yóò jókòó lórí àpótí ìfọṣọ, yóò ki ìgò náà sí abíyá títí yóò fi yọ́, eyín rẹ̀ á máa gbá ara wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣe bísímílà, yóò fa omi inú rẹ̀, yóò sì gún ọkọ rẹ̀ níkùn, Mùsílíù á máa ní, "Rọra o, kì í ṣe aṣọ lò ń rán." Yóò tún gbé ìyókù padà sábẹ́ yìnyín. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo ti rí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣúgà ò wálẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ranjú mọ́ ọn. "Bàbá, kí lẹ̀ ń jẹ nílé?"

"Ẹ̀wà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú ẹ̀wà. Ẹ̀wà láàárọ̀, ẹ̀wà lálẹ́. Bí mo bá kú, kí wọ́n má sin mí, kí wọ́n gbìn mí ni."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Nígbà kejì, ó tún lọ sókè sí i. Wọ́n fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́, Kùdírátù sì ń gún un bí wọ́n ṣe wí. Egbò náà ò panu dé. Ó ń tẹ̀ sí wájú ni, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń wọ aṣọ.

Àlájà Òkè-Àdó wá. Ẹ̀gbọ́n Mùsílíù ni wọ́n, àwọn ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹnu wọn sì mú. Wọ́n ti di ẹni ilẹ̀ báyìí. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kì bá kọ ìtàn yìí. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Mùsílíù, o ti ń jẹ kiní kan."

"Mi ò jẹ nǹkankan, Àlájà."

"Èmi lo ń sọ ọ́ fún? Èmi tí mo ń tọ́jú ṣúgà sórí àjà nítorí ẹ? Nígbà tí wọ́n ń pín ọ̀fun, tìẹ nìkan ni wọ́n fi kún méjì. Ẹnu yẹn á pa ẹ́!"

Wọ́n yíjú sí Kùdírátù. "Ìwọ náà, ojú ẹ dà? Ṣé aṣọ lo mọ̀ ọ́n ṣọ́ ni, o ò mọ ọkọ ṣọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Kùdírátù lára. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Yóò gbóòórùn ẹnu rẹ̀ bó bá wọlé. Yóò wo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Sàídì ló ń bá a wa ọkọ̀ nígbà náà, Mùsílíù á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lẹ́sẹ̀, á máa pe èrò. Ní ọjọ́ kan tí Kùdírátù ń fọ ọkọ̀ náà, ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó sì fa ìgò mínírà kan jáde, òfìfo, ọsàn òyìnbó inú rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Ó gbé e dé iwájú ọkọ rẹ̀. "Kí nìyí?"

"Ìgò ni."

"Mo rí i pé ìgò ni. Ta ló mu ún?"

"Èrò ni."

"Èrò wo? Èrò tó jókòó sábẹ́ ìjókòó?"

"Kúdí, bóyá Sàídì ni."

Sàídì, tó ń fọ ojú nídìí kànga, dáhùn kíá, "Èmi ni o, ìyàwó wa! Èmi ni mo mu ún!" Kíá tó fi dáhùn ló bà á jẹ́.

"Ẹ ò ní ṣàì gbèjà ara yín! Ẹ jọ mu ún ni!" Kùdírátù sọ ìgò náà mọ́lẹ̀. "Láràárọ̀ ni yìnyín ń jó mi lábíyá nítorí ìwọ! Ìwọ, o ń lọ mu mínírà ní gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀!"

"Ìwọ" ló pè é. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, "ẹ̀yin" ló ń pe ọkọ rẹ̀.

Mùsílíù dìde lórí ẹsẹ̀ tí kò ní egbò. "Mo fi Àlùkùráánì búra. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ohun dídùn kan ò kan ahọ́n mi. Bí mo bá parọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí jinná."

"Ẹsẹ̀ náà ti ń jẹ́wọ́ ìyẹn fún wa," Kùdírátù wí, ó sì wọlé lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni Mùsílíù ò jẹun mọ́. Kò bínú. Á kàn ti abọ́ ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á mu omi. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbà pé òun kì í ṣe olè. Ọrùn rẹ̀ di ti lékeléke. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e náà dúdú. Òórùn náà débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń rẹ́rìn-ín sí i á ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n á tún un tì jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n á bọ́ sí ọkọ̀ ẹ̀yìn. Kùdírátù ń fín tùràrí ní yàrá tọ̀sán-tòru. Bó bá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Mọ̀mí, kí ni mò ń ṣe tí kò tó?"

Nígbà tí ibà mú un tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, a gbé e lọ. Sàídì wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n gba Mùsílíù wọlé, wọ́n tì í lọ síbi tí wọn yóò ti fọ egbò rẹ̀. Dókítà Ayẹni pe èmi àti Kùdírátù sínú yàrá kékeré kan.

Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ẹni tó ń gba ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yẹn, tó sì ń fi ebi pa ara rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ ò lè rí báyìí. Ó wo Kùdírátù. "Ta ló ń gún un?"

"Èmi ni, Dókítà."

"Ẹ gbé oògùn náà wá kí n rí i."

Kùdírátù ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ó ṣí kúlà kékeré tó gbé dání, ó wa yìnyín kúrò, ó fa ìgò náà yọ. Dókítà gbé e sókè sí ojú fèrèsé. Ó mì í. Ó tún gbé e sókè.

"Ibo lẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ sí?"

Ojú Kùdírátù tàn díẹ̀. Lára gbogbo ohun tí wọ́n ti bi í láti ìgbà yẹn, èyí nìkan ni kò ní kí ojú tì í. "Abẹ́ yìnyín ni, Dókítà. Ìsàlẹ̀ fírísà pátápátá. Ó máa ń gan bí òkúta. Ooru kankan ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rí."

Dókítà Ayẹni gbé ìgò náà kalẹ̀ lórí tábìlì, jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ṣé wọn ò sọ fún yín pé kò gbọdọ̀ dì?"

Kùdírátù mi orí.

"Bó bá ti dì báyìí, ó ti kú nìyẹn. Bí ẹ bá yọ́ ọ, kì í jí mọ́. Ìyá Rasheed, bí ẹni gún un ní omi lásán ni."

Mo gbá Kùdírátù mú nítorí mo rò pé yóò ṣubú. Kò ṣubú. Kò sunkún. Ó bèèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ṣé kò jẹ nǹkankan nígbà náà?"

"Pẹ̀lú bí mo ṣe rí i, kò jẹ nǹkankan."

"Ó búra fún mi," ó ní. "Ó fi Àlùkùráánì búra fún mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún Mùsílíù ní oògùn tó wà nínú fíríìjì wọ́ọ̀dù wọn. Ṣúgà wálẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, tòun ti ibà tòun ti gbogbo rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni wà ní gáréèjì. "Ẹ pe Àlájà fún mi! Ẹ pe gbogbo Àgbowó! Ó ti wálẹ̀! Ṣebí mo wí fún yín pé mi ò jí nǹkan jẹ!"

Dókítà Ayẹni jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá fa àga, ó jókòó, ó sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ náà ti kú. Oró rẹ̀ ti ń gun òkè. Wọn yóò gé e nísàlẹ̀ orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ.

"Rárá," Mùsílíù ní. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé bó bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ á wà. Ó ti wálẹ̀."

"Ó pẹ́ kó tó wálẹ̀, Bàbá."

"Kí ló fà á tó fi pẹ́? Kí ló dé tí tiyín ṣiṣẹ́, tí ti ilé ò ṣiṣẹ́?"

Dókítà wo Kùdírátù. Kùdírátù kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù náà, ó sì sọ ọ́ fún un: fírísà, ìsàlẹ̀, yìnyín, gbogbo rẹ̀. Kò fi Ìyá Islamiat bo ara rẹ̀.

Mùsílíù yíjú sí ògiri. "Jáde," ó ní.

A jáde. A jókòó sórí bẹ́ńṣì ní kọ́rídọ̀, Kùdírátù ń fi ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ti pín oúnjẹ ọ̀sán kí nọ́ọ̀sì tó wá pé ọkọ rẹ̀ ń pè é. Mo tẹ̀ lé e.

Ojú Mùsílíù ti wú. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Abíyá yẹn," ó ní, "ṣé kì í dùn ẹ́?"

"Ó máa ń dùn mí."

"O ò sì sọ."

"Ẹ̀yin náà, ẹ ní ẹ ò jẹ nǹkankan, mi ò gbà yín gbọ́."

Ó na ọwọ́, ó fà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá Islamiat ò gbọdọ̀ mọ̀. Àánú ló ṣe é. Àlájà ńkọ́, ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá."

"Má sọ. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lé ẹ kúrò nílé mi kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ yìí tán. Ta ló máa wá tọ́jú èyí tó kù?" Ó wò mí. "Mọ̀mí Oyè, ẹ gbọ́ o."

Mo ní mo gbọ́.

Ohùn Àlájà la kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí wọn. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé wọn yóò gé ẹsẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó ń ta ṣúgà láyé. "Mùsílíù, mo wí, mo wí! Kí lo mu? Sọ ọ́ níbí yìí kí ọkàn mi balẹ̀! Kí lo mu?"

Kùdírátù la ẹnu. Mùsílíù tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mínírà ni, Àlájà," ó ní. "Mo mu ún."

"Háà!"

"Lójoojúmọ́. Ní Ọ̀jọ́ọ̀. Èyí tó pupa, èyí tó dúdú. Mo tún ń jẹ búrẹ́dì sí i, búrẹ́dì Agége tó gbóná. Kúdí ń ṣọ́ mi, mo gbọ́n jù ú lọ ni."

"O sì fi Àlùkùráánì búra!"

"Mo fi búra, Àlájà. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Wọ́n gbá a létí. Àgbàlagbà ọkùnrin, aláìsàn, wọ́n gbá a létí, wọ́n sì gbá a mọ́ra, wọ́n bú sẹ́kún. Báyìí ni àwọn nọ́ọ̀sì ṣe tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àwọn Mùsùlùmí kì í ju ẹ̀yà ara nù. Wọ́n máa ń sin ín. Ọsibítù gbé ẹsẹ̀ náà fún wa, Àlájà sì ra aṣọ funfun. Máíkírà Mùsílíù la fi gbé e lọ sí itẹ́ òkú kan lẹ́yìn Baṣọ̀run. Sàídì ló wà á, kò tan rédíò. Kùdírátù gbé ìdì náà lé itan.

Ihò náà kò tóbi, bí ibi tí wọ́n ń gbin kókò. Kùdírátù fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tó tẹ́ ẹ sí i. Àlájà dúró lókè orí rẹ̀, wọ́n ń fi etí ìborùn nu imú.

"Ẹnu ẹ̀ ló fi jẹ ẹ́," wọ́n wí. "Mínírà! Ọmọ tí mo tọ́! Ó fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Àbí irọ́ ni mo pa, Kùdírátù?"

Sàídì yíjú sí ọ̀nà. Kùdírátù ò gbójú sókè.

"Òótọ́ ni, Àlájà," ó ní, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ erùpẹ̀ lé e.